Èsìẹ́: Ìlú Tí Ó Bá Ère Nílẹ̀

Ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n kọ nǹkan nípa ìlú wa, irú ènìyàn tí a jẹ́ àti bí a ṣe di irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ó gùn jù. Ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìròyìn fún àwọn ọ̀gá tí kì í ka kọjá ojú-ewé kìn-ín-ní mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ohun kan ni ó jẹ́ kí n gbà láti kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí wọ́n lọ sí ilé-ìwé ní Jos yìí ni àwọn olùkọ́ wọn ti kó lọ sí ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Jos. Wọ́n rí orí amọ̀ àwọn ará Nok, wọ́n sì lè sọ fún yín pé inú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa tánganran ni a ti kọ́kọ́ rí wọn ní 1928, àti pé Bernard Fagg ni ó kó wọn jọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ibo ni ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà. Wọn á ní Èkó ni, tàbí Jos, tàbí Ifẹ̀. Ti Jos ṣí ní 1952. Ti Èsìẹ́, ìlú bàbá wọn, ti ṣí ní 1945. Mo ti bi ọmọ méje láàrin wa ní ìbéèrè yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbà á, òun náà sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ó ń tàn mí ni.

IBI TÍ A WÀ

Èsìẹ́ kò tóbi. Bí ènìyàn bá ti Ìlọrin bọ̀, yóò gba Ajàṣẹ́-Ìpo, yóò sì yà ní Òró. Ọ̀nà ńlá kò la ìlú wa já, ọkọ̀ ojú irin kò sì dé ọ̀dọ̀ wa. Òfà ni àwọn bàbá wa ti ń lọ wọ̀ ọ́. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ni a wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, Òmù-Àrán sì ni olú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Elésìẹ́ ni ọba wa.

Ìgbómìnà ni wá. Àwọn àgbà a máa sọ pé láti ara ògbó, irin tí ọdẹ fi ń lànà nínú igbó, ni orúkọ náà ti wá: ògbó tèmi mọ ọ̀nà. Ìran tí ó bá ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbà pé òun rìn kí òun tó dúró. Iṣu ni iṣẹ́ wa, pẹ̀lú àgbàdo, ọkà bàbà àti gbágùúdá. Àwọn obìnrin wa ń ṣe irú, wọ́n ń ṣe èlùbọ́, àwọn ìyá wa àgbà sì ń hun aṣọ lórí òfì tí wọ́n gbé ti ògiri. Nǹkan wọ̀nyí kò yà wá sọ́tọ̀ lára ìlú Ìgbómìnà mìíràn. Ohun tí ó yà wá sọ́tọ̀ wà nínú igbó tí ó wà lẹ́bàá ìlú.

ÀWỌN ÈRE

Ère òkúta ni wọ́n. Iye wọn lé ní 800. Àwọn ìwé tí ó ń pe àlejò wá sí Kwara a máa kọ ọ́ pé ó lé ní 1,000. Òkúta náà rọ̀, ó sì máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní soapstone. Èyí tí ó kéré jù lára wọn, ọwọ́ kan ni ènìyàn lè fi gbé e. Èyí tí ó tóbi jù ga ju mítà 1 lọ. Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin sì wà. Ọ̀pọ̀ jókòó lórí àpótí tí ó dà bí olú inú oko. Àwọn kan gbé ọwọ́ lé orúnkún, àwọn kan mú idà, àwọn kan mú ọfà àti ọrun, àwọn kan mú ohun orin. Ilà wà lójú wọn, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn wọn, irun àti fìlà tí wọ́n fi ṣe orí wọn lọ́ṣọ̀ọ́ kò sì bára mu. Ẹni tí ó gbẹ́ wọn wo ojú ènìyàn dáadáa kí ó tó mú ọ̀bẹ.

Púpọ̀ nínú wọn ti fọ́. Orí wà lọ́tọ̀, ọrùn wà lọ́tọ̀.

Ìtàn tí a ń sọ ni pé àwa kọ́ ni a gbẹ́ wọn. Àwọn bàbá wa ti ibòmíràn wá, wọ́n sì bá ère wọ̀nyí nílẹ̀. Ọdẹ kan tí ń jẹ́ Baragbọn, tí ó ti ìlú Ọbà wá, ni ìtàn náà sọ pé ó rí wọn, àwọn tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ a sì máa fi í sí ìwọ̀n ọdún 1775. Ó rí wọn, ó wá sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, láti ìgbà náà ni a ti ń rúbọ sí wọn, tí a sì ń ṣe ọdún ère lọ́dọọdún. Ẹ̀dà ìtàn kejì, èyí tí a máa ń sọ fún ọmọdé, sọ pé ènìyàn ni ère wọ̀nyí nígbà kan. Àlejò ni wọ́n, wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá kí ìlú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ èdè wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti di òkúta.

Ìtàn méjèèjì kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti pàdé. Nínú méjèèjì, ẹlòmíràn ni ó ni ojú tí a rí lára òkúta náà. Ohun tí mo rí bí ìwà àwọn ará Èsìẹ́ nìyẹn, mo sì rò pé ó yẹ kí a dá a mọ̀. Ní agboolé wa, bí a bá bi bàbá àgbà léèrè nípa ère, gbólóhùn kan náà ni ó máa ń sọ: “A bá a níbẹ̀ ni.” Bí a bá tún bi í léèrè, yóò tún un sọ. Kò fi ọ̀rọ̀ kún un.

Ẹ rántí ohun tí àwọn ìlú mìíràn ń ṣe. Mo ti ka ìwé ìtàn ìlú púpọ̀ nígbà tí iṣẹ́ mi jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ oyè àti ààlà ilẹ̀, mo sì lè sọ fún yín pé ìlú tí ó ní òkè a ní àwọn ni Ọlọ́run fi òkè fún, ìlú tí ó ní odò a ní ìyá ńlá àwọn ni ó di odò. Bí ìlú bá ní ère 800 tí ó dára tó báyìí, tí kò sì sí ẹni tí ó lè jáde wá já a nírọ́, kí ni ìbá ní kí ó má sọ pé bàbá òun ni ó gbẹ́ wọn? Àwọn bàbá wa kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí sì ti fihàn pé wọn kò purọ́. Amọ̀ tí a rí pẹ̀lú àwọn ère náà ni a fi ṣe ìdánwò ọjọ́ orí, ó sì tọ́ka sí ìwọ̀n ọdún 1100. Bí a bá yọ ìyẹn kúrò lára 1775, ó lé ní 600 ọdún. Ohun kejì ni pé àwọn oníṣẹ́ ọnà Ìgbómìnà lókìkí nínú igi gbígbẹ́. Ère ìbejì Ìgbómìnà wà ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé. Igi ni a mọ̀ ọ́n gbẹ́, òkúta kọ́. Àwọn onímọ̀ ti wo ilà ojú àti irun àwọn ère náà, àwọn kan ń wo ọ̀nà Ifẹ̀, àwọn kan ń wo ọ̀nà Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn kan ń wo ọ̀nà Nupe, ẹnu wọn kò sì kò títí di òní. Èyí tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lójú tèmi ni èrò pé ibòmíràn ni a ti gbẹ́ wọn kí a tó kó wọn wá sí igbó náà. Ta ni ó ru òkúta tó bẹ́ẹ̀ gba inú igbó, kí ni ó sì ń lé e?

ỌDÚN 1933 ÀTI OHUN TÍ Ó TẸ̀ LÉ E

Ní 1933 ni H. G. Ramsay, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, rí àwọn ère náà tí ó sì ròyìn wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn ìwé kan ti ń sọ pé òun ni ó “ṣàwárí” wọn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó bá àwòrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó bá ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ẹran ọdún kan ti gbẹ lé ti ọdún kejì. Àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ ń lọ bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń lọ tọrọ òjò. Bí a bá fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún Ramsay, ẹ jẹ́ kí a sọ pé òun ni ó jẹ́ kí ìjọba gbọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tí ń kọ̀wé dé. F. de F. Daniel kọ nípa wọn ní 1937. J. D. Clarke, ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Òmù sílẹ̀ lọ́nà tí ó fi ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ìwé, kọ nípa wọn nínú ìwé ìròyìn Nigeria ní 1938. Eva Meyerowitz kọ tirẹ̀ ní 1943. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba fi Kenneth Murray sí ìdí ọ̀rọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ọkùnrin tí ó fi ayé rẹ̀ jà kí àwọn oníṣòwò má baà kó ohun ìní wa lọ tán. Ní 1945, a kọ́ ilé bo àwọn ère náà níbi tí wọ́n wà. Bí ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: kì í ṣe ní olú-ìlú, bí kò ṣe nínú igbó ní ìlú àwọn oníṣu.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Phillips Stevens, ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù. Ó wá sí Nàìjíríà pẹ̀lú Peace Corps, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lórí ère wa ní 1965. Ó tún padà wá ní 1974. Ó ka ère ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ya fọ́tò wọn, ó wọ̀n wọ́n, ó sì ń wá ọrùn tí ó bá orí mu, orí tí ó bá ọrùn mu, ó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ìwé rẹ̀, The Stone Images of Esie, Nigeria, jáde ní 1978. Ẹ̀dà rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n báyìí. Ẹni tí ó bá ní in nílé láàrin wa, ẹ jọ̀wọ́, kí ó má ṣe fi wé àkàrà.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan ń fura sí ère. Mùsùlùmí àti Krìstẹ́nì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa lónìí, ó sì wọ́pọ̀ kí àwọn méjèèjì máa gbé agboolé kan náà. Bàbá mi máa ń kírun ní wákàtí márùn-ún. N kò rí i kí ó bọ ère rí. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ju òkò sí ọ̀nà igbó ère, òun ni yóò kọ́kọ́ já ẹgba. A kò bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ohun tí ó wà lójú tiwọn ni pé ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ènìyàn ni, a kì í sì í fi ohun ìkáwọ́ ẹni ṣeré. Àìmọye ilé-òrìṣà ni a dáná sun nílẹ̀ Yorùbá nígbà tí ẹ̀sìn tuntun dé. Àwọn ère Èsìẹ́ ṣì jókòó lórí àpótí wọn.

BÍ A ṢE DÉ JOS

Àwọn ọmọ wa a máa béèrè ìdí tí àwa tí a ń sọ Yorùbá fi wà ní òkè níhìn-ín fún ìran mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú. Ogun Nupe àti ti Ìlọrin gba ilẹ̀ Ìgbómìnà já léraléra, Ìbàdàn náà sì fi àjẹ́lẹ̀ jẹ wá níyà. Nígbà tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní February 1897, ilẹ̀ tí Ìlọrin ń jọba lé lórí ni àwọn òyìnbó fa ìlà yíká. Ní 1900, ìlà náà di apá kan Àríwá Nàìjíríà, àwa sì wà nínú rẹ̀. A kò bi wá léèrè. Nígbà tí àwọn kan láàrin Yorùbá Ìlọrin ń jà ní àwọn ọdún 1950 pé kí wọ́n dá wa padà sí Ìwọ̀-Oòrùn, ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ ẹjọ́ náà, ìròyìn wọn jáde ní 1958, a sì wà níbi tí a wà. Àfi 27 May 1967 tí a dá ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara sílẹ̀.

Èyí ní ẹ̀dùn tirẹ̀, ó sì ní oúnjẹ nínú. Ní ìjọba Kaduna, ọmọ Èsìẹ́ jẹ́ ọmọ Àríwá lórí ìwé. Nígbà tí ìjọba náà ń wá akọ̀wé àti olùkọ́ láàrin àwọn ọmọ Àríwá, àwọn ọmọ Ìgbómìnà tí wọ́n ti ka ìwé rí iṣẹ́ gbà. Àwọn tí kò kàwé ti ṣáájú wọn dé. Ọkọ̀ ojú irin dé Kano ní 1911. Ní 1914, ìlà kékeré kan ti Zaria dé Bukuru nítorí tánganran. Ibi tí tánganran bá wà ni òṣìṣẹ́ wà, ibi tí òṣìṣẹ́ bá sì wà ni wọ́n ti ń ra aṣọ, iyọ̀ àti àtùpà. Orí aṣọ, iyọ̀ àti àtùpà yìí ni púpọ̀ nínú agboolé wa ní Jos gbé dúró lé.

Ní ìlú tí a wà yìí, ìbéèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ dé ti gba ẹ̀mí. Àwọn tí ó dàgbà láàrin wa kò gbàgbé 7 September 2001. Ẹ̀yà kan ní àwọn ni wọ́n ni ilẹ̀, ẹ̀yà kejì ní àwọn ni wọ́n kọ́ ìlú. A ò sí nínú ẹjọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù wa sì jóná mọ́ ti àwọn tí ó ń ṣe é. Mo máa ń ronú nígbà náà nípa ìlú kékeré kan tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé ẹlòmíràn ti wà níhìn-ín rí, tí ó sì ti fi ọ̀rọ̀ yẹn sùn, tí ó fi jí, láti nǹkan bí ọdún 250, tí oyè ọba kò sì ti ìdí bẹ́ẹ̀ wó lulẹ̀.

Ìdí nìyí tí inú mi kò fi dùn sí kàlẹ́ńdà kan tí àwọn kan tẹ̀ jáde nílé ní àwọn ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Àwòrán rẹ̀ dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àwọn bàbá ńlá Èsìẹ́ ni wọ́n gbẹ́ ère. Mo pe ọ̀kan nínú àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀, ọmọdékùnrin tí ó gbọ́n, tí ó ní oyè kejì yunifásítì. Ó ní, “Bàbá, bí a bá sọ pé a bá a níbẹ̀ ni, ìjọba á ní kí ni tiyín nínú rẹ̀, wọ́n á kó wọn lọ sí Abuja.” Ẹ̀rù tí ó ń bà á kì í ṣe òfo. Àjọ tí ń bójú tó ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri orílẹ̀-èdè, tí a dá sílẹ̀ ní 1979, ni ilé náà wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn kan lára ère wa sì wà ní Èkó. Ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn pé bí ó bá jẹ́ gbígbẹ́ ni a fi ń ní ohun, ta ni ó kù láyé tí yóò gba ère Èsìẹ́? Àwọn tí ó gbẹ́ wọn kò sí mọ́. Àwọn tí kò jẹ́ kí òjò àti olè kó wọn tán ni ó wà. Ẹ̀rí wa nìyẹn, ó sì lágbára ju irọ́ tí oníwádìí kan lè já ní ọ̀sán kan. Ó ní òun á rò ó. Kàlẹ́ńdà ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò kọ nǹkankan sísàlẹ̀ àwòrán.

OHUN TÍ MO Ń BÉÈRÈ

Ìlú wa ń ṣófo. Ẹ̀rù àwọn ajínigbé ti mú kí àwọn kan má lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésì mọ́, oko tí ó jìnnà sí ìlú sì ti di igbó. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti kó ọmọ sínú ọkọ̀ lọ wo ère nígbà tí ọ̀nà rí báyìí. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ wa máa ń gba bọ́ọ̀sì fún ìsìnkú àgbà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lọ́dún. Bí a bá lè gba bọ́ọ̀sì fún òkú, mo bẹ akápò pé kí a gba ẹyọ kan fún àwọn ọmọ tí ó ti tó ọdún 12. Kí wọ́n wọ inú ilé náà, kí wọ́n rìn láàrin àwọn ojú òkúta wọ̀nyẹn fúnra wọn.

Ohun kejì, ìtàn inú agboolé. Ohun tí Stevens kọ jẹ́ ti ère. Ohun tí ìyá àgbà kọ̀ọ̀kan mọ̀ nípa ọdún ère, ẹni tí ń gbé igbá, ohun tí obìnrin ń wọ̀, ibi tí a kì í gbà kọjá, inú ìwé kankan kọ́ ni yóò ti jáde wá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, ènìyàn márùn-ún ni mo sì ti gbà. Ẹni tí ó bá ní àgbà nílé, kí ó wá bá mi lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀kan nínú wọn wà ní Bukuru, ó ti lé ní ọdún 80, ó sì jó nínú ọdún ère nígbà tí ó wà lọ́mọge. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n padà wá ní Sátidé tí ń bọ̀, nítorí orin kan ṣẹ́ kù tí ìparí rẹ̀ wà lẹ́nu òun, ṣùgbọ́n òun ṣì ń wá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.